Irọ́ Tí Ọdẹ́dìran Pa ní Ìlú Atẹ̀léjí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pé jọ síwájú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yìí, tí ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ tán tí ẹ wá ń pòṣé, tí ẹ ń ní “Kí ló ń ṣe é tí kò tètè jí?”, ẹ fún mi ní àga, ẹ fún mi lómi, kí ẹ sì yọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ó ń jí lọ́wọ́. Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdẹ ti dé ibẹ̀. Mo ní ó dé ibẹ̀! Ẹ má wo ara yín lójú. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti fi ọta kan pa ẹfọ̀n méjì rí, ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi, ti Ọdẹ́dìran ni, kì í sì í ṣe ìtàn tó máa ń fẹ́ sọ. Ìgbà kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi, ilẹ̀ ló sì tẹjú mọ́ títí ó fi sọ ọ́ tán.

Ọdẹ́dìran ará Òkè-Ìrókò ga, ó dúdú, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pe orúkọ òun. Bí ó bá pa ẹtù, ẹ ó gbọ́ pé àgbọ̀nrín ni. Bí ó bá wá pa àgbọ̀nrín lóòótọ́, gbogbo àdúgbò ni yóò gbé e yí ká kí ó tó gbé e délé. Ìwé mẹ́fà ló kà kí bàbá rẹ̀ tó fa ìbọn lé e lọ́wọ́, nítorí náà ó tún máa ń fi ìwé kíkà yangàn láàárín àwa tí a kò mọ̀ ju ipasẹ̀ ẹran lọ. Ní ọjọ́ ìpàdé ọdẹ kan, ẹnìkan dárúkọ Igbó Onírin, igbó tó máa ń kùn yunmuyunmu bí ilé oyin láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tó ń kùn níbẹ̀. Ọdẹ́dìran dìde, ó sọ àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

“Ohun tó ń kùn níbẹ̀,” ó ní, “n ó wò ó lójú, n ó sì padà wá ròyìn rẹ̀ fún yín.”

Kò sí ẹni tó rán an. Ẹnu rẹ̀ ló rán an.

Mi ò ní fi ìrìn ọ̀nà dá yín lágara. Ó bá ejò abìyẹ́ pàdé, ó bá igi tó ń sunkún pàdé, ó bá iwin olórí mẹ́rin tí àwọn orí náà ń bá ara wọn jà nítorí ata, ó sì borí gbogbo wọn. Níkẹyìn ó dé ibi afárá kan ṣoṣo tó wọ inú Igbó Onírin lọ. Iwin méjì dúró lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ti dúró pẹ́ débi pé koríko ti hù lórí wọn, ẹyẹ sì ti kọ́ ìtẹ́ sí èjìká ọ̀kan. Èyí tí ẹyẹ wà léjìká rẹ̀ ru ẹrù ńlá kan, Agbẹ́rùmásọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Èkejì gbé àtùpà tí kò tàn dání, Àtùpàmátàn ni wọ́n ń pè é.

“Ẹ yà fún mi, mo fẹ́ kọjá,” Ọdẹ́dìran wí.

“Àwa náà fẹ́ kọjá,” Agbẹ́rùmásọ̀ dáhùn. “Ẹni yìí ni mo ń dúró dè. Bí kò bá tan àtùpà rẹ̀, n kò lè sọ ẹrù mi kalẹ̀, torí n kò ní rí ibi tí mo sọ ọ́ sí.”

“Òun ni èmi náà ń dúró dè,” Àtùpàmátàn fèsì. “Inú ẹrù rẹ̀ ni ìṣáná wà. Bí kò bá sọ ọ́ kalẹ̀, kí ni n ó fi tan àtùpà?”

“Láti ìgbà wo lẹ ti wà níbí?”

“Nígbà tí a dé, odò yìí kò ju ohun tí ọmọdé lè fò kọjá lọ. Ìwọ ọdẹ, bí o bá tú wa sílẹ̀, o ó kọjá. Bí o kò bá rí wa tú, ìwọ náà yóò máa dúró dè wá ni.”

Ọdẹ́dìran fẹ́ fẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé mọ́. Ó na ọwọ́ láti fa ẹrù náà bọ́, bí ẹni fa òkè ni. Ó fẹ́ já àtùpà gbà, ọwọ́ iwin le ju irin lọ. Nígbà tí oòrùn fi máa kàn án lórí, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀, koríko tútù ló bá níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́wọ́ ẹ̀rù yẹn fún mi títí ó fi darúgbó. Ó wá rọra bèèrè pé:

“Agbẹ́rùmásọ̀, ṣé dandan ni kí iná tàn kí o tó sọ ẹrù, àbí o kàn fẹ́ kí ó tàn ni?”

Iwin náà ronú títí ẹyẹ fi fò kúrò ní èjìká rẹ̀.

“N kò bi ara mi rí,” ó ní. “Mo kàn fẹ́ ẹ ni. Ọ̀sán gangan kúkú nìyí, mo ń rí ilẹ̀.”

Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Àtùpàmátàn mú ìṣáná, ó tan iná rẹ̀, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbé Ọdẹ́dìran sókè, wọ́n sì gbé e kọjá afárá pẹ̀lú orin. Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé kò sí ìdúró tí òun kò lè gé kúrú.

Ìlú tó bá níwájú, irin ni ògiri rẹ̀, irin ni òpópónà rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan dúró gbọnrangandan, ó pa ojú dé, ara rẹ̀ tutù. Bàbá arúgbó kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ là, ó jókòó síbi pẹpẹ kan, ó ń fi òrí pa orúnkún rẹ̀ tó wú. Ọdẹ́dìran dọ̀bálẹ̀ fún un.

“Dìde, ọmọ mi,” arúgbó náà ní. “Baba Àkọ́jí ni wọ́n ń pè mí. Inú ẹ̀rọ lo wà yìí, Ìlú Atẹ̀léjí lorúkọ rẹ̀. Ní ìta lọ́hùn-ún, ènìyàn bíi tìrẹ ló ń tẹ bọ́tìnnì. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jí, èmi ni mo sì máa ń lọ jí àwọn tó kù. Bó bá pa á, gbogbo wa á sùn. Kíkùn tí ẹ̀ ń gbọ́ nílé yín, àwa la wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Wàláà kan rọ̀ sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́dìran súnmọ́ ibi tí obìnrin àgbàlagbà kan dúró sí pẹ̀lú gègé lẹ́yìn etí, ó ka tirẹ̀ jáde: “Ìbíyẹmí, akọ̀wé. Iṣẹ́ mi: kíkọ gbogbo ohun tó bá wọlé sí ìlú àti ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí n kò lè ṣiṣẹ́ láìsí: Ládàpọ̀ alákàá. Ẹni tí mo fẹ́ kó ti jí, ṣùgbọ́n tí mo lè ṣe láìsí: olùṣọ́ aago. Bí mo bá ṣubú: ẹ jí mi lẹ́ẹ̀mẹta.”

“Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta ńkọ́, Baba?”

“Wọ́n á yọ wàláà rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní wàláà lẹ́nu ọ̀nà, n kò lágbára láti jí i mọ́.”

Nítorí orúnkún rẹ̀, Baba Àkọ́jí bẹ Ọdẹ́dìran pé kó bá òun rìn fún ìgbà díẹ̀. Ó fún un ní ìwé ìjí, níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tó bá ti ṣetán. Ó tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan fún un. Ó ní bí ènìyàn bá la ojú, kò tíì tó. Ó ní títí ẹni náà yóò fi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé “Mo ti ṣetán,” Ọdẹ́dìran kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jí ẹni tó gbára lé e.

Èyí kan Ládàpọ̀ alákàá ju gbogbo wọn lọ. Àká ìlú náà, ilẹ̀ onípákó tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ìlú sí lórí, kì í dúró sójú kan. Bí ìlú bá sùn, àká á wọ́ sẹ́yìn, yàrá òfìfo ni yóò kù. Bí Ládàpọ̀ bá jí, yóò wo pákó àká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá èyíkéyìí ti sán, igba pákó ni. Ìgbà tó bá wò wọ́n tán ni yóò tó fa àká wá, yóò sì tẹ́ ẹ lé ilẹ̀ yàrá òfìfo náà bí ẹní, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó wà lórí rẹ̀; ìgbà náà ni wọ́n á ní àká ti ṣí. Ọkùnrin sísanra ni Ládàpọ̀, bó ṣe ń rìn náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ọdẹ́dìran ṣe dáadáa níbẹ̀rẹ̀, kí a má purọ́ mọ́ ọn. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni Baba Àkọ́jí máa ń jí wọn, ṣùgbọ́n Ọdẹ́dìran ka gbogbo wàláà, ó rí i pé ẹni tó ń ṣí ọ̀nà ìta àti olùṣọ́ aago kò fi ara wọn ṣe nǹkan kan. Ó pe àwọn méjèèjì pọ̀. Ó tún rí mẹ́ta mìíràn bẹ́ẹ̀, ó pe àwọn náà pọ̀. Àkókò ìjí dín kù sí ìdajì. Ọlọ́jà, tó jẹ́ olórí ìlú náà, ránṣẹ́ pè é, ó sì fún un ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

“Lọ́la,” Ọlọ́jà ní, “ẹni tó wà níta ń mú àlejò wá wo ẹ̀rọ wa. Ṣé o tún lè gé e kúrú sí i?”

Baba Àkọ́jí wúkọ́. “Kábíyèsí, àwọn tó kù yìí, wọ́n nílò ara wọn ni. Kò sí ibi tí a tún lè gé.”

Ọdẹ́dìran ti dìde. “Mo lè gé e, Kábíyèsí. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìró bọ́tìnnì dún, Ọdẹ́dìran sáré bí ẹni tí ẹfọ̀n ń lé. Ó jí Ládàpọ̀. Alákàá náà nu ojú rẹ̀, ó gbé fìtílà, ó tẹ̀ síbi pákó kìíní, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ kàn án.

“Ládàpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára.”

“Mò ń bọ̀, ọdẹ. Èyí nìkan kọ́. Igba ni wọ́n.”

Ọdẹ́dìran dúró. Ó rò ó pé ọjọ́ márùn-ún lòun ti wà níbẹ̀ tí pákó kankan kò sán. Ó ṣí ìwé ìjí, ó sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé dáradára tó kọ́ nílé ìwé kọ ọ́ pé: Ládàpọ̀ ti ṣetán. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé.

Ìbíyẹmí la ojú. “Ẹ káàárọ̀ o, ọdẹ. Ṣé àká ti ṣí?”

“Ó ti ṣí.”

“Ṣé Ládàpọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ máa kọ̀wé yín, màmá, ilẹ̀ ti mọ́.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó gbà á gbọ́. Ó wọ inú yàrá àká láìwo ilẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì ń kọ. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ẹni tó wà níta, olùkọ́ kan, lójú àwọn àlejò, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èsì ìdánwò ọgọ́ta ọmọ sínú ẹ̀rọ, iṣẹ́ odidi ọdún kan. Ìbíyẹmí kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ àti máàkì, kò fo ẹyọ kan. Ó tẹ́ àwọn ìwé náà sórí ilẹ̀ kí yíǹkì wọn lè gbẹ, ó sì jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà lọ gba atẹ́gùn. Ládàpọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo pákó tán nígbà náà. Ó fa àká wá láti ẹ̀yìn, bó ṣe máa ń fà á lójoojúmọ́, ó sì tẹ́ ẹ bo gbogbo ìwé náà mọ́lẹ̀ láìmọ̀.

Kò pẹ́ tí olùkọ́ náà ní kí ẹ̀rọ fi èsì han àwọn àlejò. Ìbíyẹmí wọlé lọ mú un wá, kò bá nǹkan kan. Ó tú àká láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Wọ́n gbọ́ tí olùkọ́ náà ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ẹ̀rọ níta, ògiri ìlú ń mì, ohùn rẹ̀ sì dà bí ohùn ẹni tó fẹ́ bú sẹ́kún. Ẹsẹ̀ Ìbíyẹmí yẹ̀, ó ṣubú. Baba Àkọ́jí jí i. Ó dìde, ó wá a, kò rí i, ó tún ṣubú. Wọ́n jí i lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n jí i lẹ́ẹ̀kẹta.

“Mo kọ ọ́!” ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó pé lé e lórí. “Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́. N kì í ṣe òpùrọ́.”

Ọlọ́jà yíjú sí Ọdẹ́dìran. “Ọdẹ, ọwọ́ rẹ ni ìwé ìjí wà. Ṣé Ládàpọ̀ ti ṣetán kí obìnrin yìí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá mi sọ.

“Bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé, Kábíyèsí.”

Ládàpọ̀ la ẹnu. “Ó... ó dà bí ẹni pé...” Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì jáde tán tí Ọlọ́jà fi gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n yọ wàláà Ìbíyẹmí. Obìnrin náà kò pariwo. Ó wo Ọdẹ́dìran nìkan.

“Ọdẹ,” ó ní, “ẹ bá mi sọ̀rọ̀.”

Ọdẹ́dìran wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n yọ wàláà. Ara obìnrin náà gan, ojú rẹ̀ sì pa dé, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ṣí sílẹ̀ díẹ̀ bó ṣe wà nígbà tó ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n tú ká, Ọlọ́jà dé fìlà irin kan lé Ọdẹ́dìran lórí, nítorí pé ìjí ọjọ́ náà yá ju gbogbo èyí tí wọ́n ti rí rí lọ. Ọdẹ́dìran sì dé e. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, ó ní, “Àbúrò, mo dé e. Mo tún gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè bá mi lójú mu.”

Ìlú náà kò ní akọ̀wé mọ́. Bí wọ́n bá jí lówùúrọ̀, kò sẹ́ni tó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Ẹni tó ń ṣí ọ̀nà ìta bá olùṣọ́ aago jà lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti parí. Ọlọ́jà fúnra rẹ̀ bèèrè lọ́wọ́ Ọdẹ́dìran pé ta ló fún un ní fìlà. Gbogbo wọn gbàgbé, àfi òun tí kì í ṣe ará ibẹ̀, àti Baba Àkọ́jí tó máa ń kọ́kọ́ jí. Arúgbó náà kò bá a wí rárá. Bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà Ìbíyẹmí nìkan ni yóò dúró, yóò wo ibi tí wàláà wà tẹ́lẹ̀, yóò sì máa tiro lọ. Láti ọjọ́ kejì, Ọdẹ́dìran bẹ̀rẹ̀ sí í gba òpópónà ẹ̀yìn. Ó ka ara rẹ̀ sí ọkùnrin, ó ti dojú kọ erin, ṣùgbọ́n kò lè kọjá níwájú obìnrin tó ń sùn.

Ní òwúrọ̀ kẹrin ó lọ síwájú Ọlọ́jà, gbogbo ìlú pé. Ó ṣí fìlà. Ó sọ̀rọ̀.

“N kò gbọ́,” Ọlọ́jà ní.

Ó tún un sọ.

“Sọ̀rọ̀ sókè, ọdẹ. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́.”

Ó wá ké e: “Èmi ni mo kọ irọ́ sínú ìwé! Ládàpọ̀ kò tíì ṣetán! Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n ń yọ wàláà obìnrin yẹn!” Ògiri irin gba ohùn náà, ó ń dá a padà, ó ń dá a padà, títí ẹnikẹ́ni kò fi lè ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́.

Ọlọ́jà kò bínú. Ìbá dùn mọ́ Ọdẹ́dìran nínú kó bínú. Ó kàn fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí wọ́n gbé àga kejì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

“Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé náà wà lábẹ́ àká,” Baba Àkọ́jí ní. “Ṣùgbọ́n àká kò ṣeé gbé nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń lò ó. A ní láti fi ẹ̀yìn ṣe iwájú: ẹni tó jí kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ sùn. Ọdẹ, ìwọ ni yóò lọ sọ fún wọn.”

Ó lọ láti ilé dé ilé, ogójì ilé. Ẹni tí ọdẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á ní, “Kí ló dé tí a fi ń sùn lówùúrọ̀?” Ọdẹ́dìran á ní, “Irọ́ kan tí mo pa ni.” Wọn á wò ó díẹ̀, wọn á pa ojú dé. Ogójì ìgbà ló sọ ọ́. Ó ní ìgbà ogójì náà kò rọrùn ju ti ìgbà kìíní lọ.

Nígbà tó ku Ládàpọ̀ nìkan, òun àti ọdẹ fa àká sẹ́yìn. Àwọn ìwé náà wà lórí ilẹ̀ yàrá òfìfo, wọ́n gbẹ, wọ́n mọ́, ọgọ́ta orúkọ, kò sí ẹyọ kan tó ya. Ládàpọ̀ wò wọ́n, ó wo Ọdẹ́dìran, ó sì rọra sọ pé, “Igba kúkú ni pákó wọn, ọdẹ.”

Wọ́n tún wàláà kọ́. Ọlọ́jà ní kí Ọdẹ́dìran fúnra rẹ̀ jí obìnrin náà. Ìbíyẹmí la ojú, ó rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kà wọ́n títí ó fi dé orúkọ ọgọ́ta.

“Níbo ni wọ́n wà?”

“Abẹ́ àká, màmá. Èmi ni mo sọ fún yín pé ó ti ṣí. Kò tíì ṣí. Ẹ dárí jì mí.”

Ó dojúbolẹ̀. Ó retí èébú, ó retí ìgbájú, ó tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Ìbíyẹmí yọ gègé lẹ́yìn etí.

“Ẹ dìde, ọdẹ. Mo ti dárí jì yín. Kí lorúkọ yín gan-an? N ó kọ ọ́ sílẹ̀.”

“Ṣé ẹ kò lè kọ ‘ọdẹ kan’?”

Ìbíyẹmí gbé gègé sókè, ó ń dúró. Ọdẹ́dìran ará Òkè-Ìrókò, ẹni tó fẹ́ràn kí wọ́n máa pe orúkọ òun, wá pè é fúnra rẹ̀ síbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́tà, obìnrin náà sì kọ ọ́.

Ó dúró di ìjí ọjọ́ kejì, torí ó fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ lẹ́ẹ̀kan kó tó máa lọ sílé. Ó jókòó ti Ládàpọ̀ títí igba pákó fi pé. Ó gbọ́ “Mo ti ṣetán” lẹ́nu rẹ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó kọ ọ́. Ó rìn lọ jí akọ̀wé. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀, màmá. Àká ti ṣí. Ládàpọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.”

“Ẹ ṣeun, ọdẹ,” Ìbíyẹmí ní, pẹ̀lú ohùn tútù. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀. Ó gbé gègé àti ìwé rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ọdẹ́dìran kọjá, ó sì kọ́kọ́ yà lọ sọ́dọ̀ Ládàpọ̀ lọ bèèrè.

Ibi tí ọ̀gá mi bá a dé nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mo gbé e kalẹ̀ fún yín. Ẹ bù mí lómi sí i.